Èèyàn Mẹ́wàá fún Àdúrà Bàbá Mi

Kí n tó lọ sí Àbújá láti máa tún ẹ̀rọ amúlétutù ṣe, mùsùlùmí ọmọ mùsùlùmí ni mí, ọmọ Ìwó pọ́ńbélé. Ọ̀rẹ́ mi kan, ọmọ Ìgbò, ló mú mi lọ sí sínágọ́gù wọn ní Sátidé kan. Mo ní kí n kàn yọjú ni. Ó di ọdún mẹ́fà báyìí, mi ò tíì yọjú tán. Mo di Júù. Àwọn Júù kan lókè òkun ní irú wa kò tíì ṣe é tó. Àwọn ará ilé mi ní mo ti ṣe é jù.

Ìyá mi kò bá mi jà. Fìlà mi nìkan ló ń bí i nínú, èyí pẹ́ńpẹ́ tó ń jókòó sí àtàrí. Ó ní ta ló fi omi gbígbóná fọ̀ ọ́ tó fi sún kì báyẹn?

Lọ́dún tó kọjá, Ìwó ni mo wà nígbà tí àyájọ́ ikú bàbá mi pé. Lọ́jọ́ náà, ọmọkùnrin gbọ́dọ̀ dìde ka àdúrà kan nítorí bàbá rẹ̀, ṣùgbọ́n ọkùnrin Júù mẹ́wàá gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Ní Ìwó, èmi nìkan ni. Ó dùn mí wọra. Nígbà tí bàbá mi kú, wọ́n ti sin ín kí ọkọ̀ mi tó kúrò ní Lọ́kọ́ja. Èmi àkọ́bí kò bu yẹ̀pẹ̀ sí i. Àdúrà yìí nìkan ló kù tí mo lè ṣe fún un.

Ni mo bá ṣe àṣìṣe, mo sọ fún ìyá mi.

"Èèyàn mẹ́wàá ló ń kó ìdààmú bá ọ? Ní Ìwó yìí?"

Kí n tó ṣàlàyé pé Júù ni wọ́n gbọ́dọ̀ jẹ́, ó ti gun ọ̀kadà lọ.

Lẹ́yìn ìrun Àsárì, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í dé: àwọn àbúrò bàbá mi mẹ́ta, áfà tó fi pàṣán kọ́ mi ní kéú, aládùúgbò mẹ́ta, àti ọ̀rẹ́ bàbá mi kan, àgbẹ̀ láti Olúpọ̀nnà, tó ń bọ Ògún títí dòní. Ẹni kẹwàá tí à ń retí láti Kúta pè, ó ní kẹ̀kẹ́ bàjẹ́ mọ́ òun lọ́nà. Mo nawọ́ láti kà wọ́n, àbúrò bàbá mi pariwo: "A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ!" Ó yà mí lẹ́nu, nítorí àwa Júù náà kì í ka èèyàn. Mo fojú kà wọ́n.

"A ku ẹnì kan," mo ní.

Ìyá mi wé ìborùn rẹ̀ dáadáa, ó jókòó sórí ẹní. "Ó ti pé."

"Màámi, ẹ má bínú. Ní sínágọ́gù tiwa, wọn kì í ka obìnrin mọ́ ọn."

Áfà wò mí bí ìgbà tí mo bá ṣi súrà kà. "Yẹ̀húdì mélòó ló wà níbí?"

"Èmi nìkan ni, Áfà."

"Àwa méje tí a jẹ́ mùsùlùmí, o kà wá. Ẹni tó ń bọ Ògún, o kà á. Ìyá tó bí ọ wá ni òfin rẹ kò gbà?"

Bàbá Olúpọ̀nnà rẹ́rìn-ín títí ó fi ń wúkọ́. Inú kọ́kọ́ bí mi, lẹ́yìn náà ojú tì mí. Mo ka ìyá mi mọ́ wọn.

Mo bá ka àdúrà náà lédè Hébérù. Níbi tí mo bá ti dánu dúró, wọ́n á ní "Àmín!", Bàbá Olúpọ̀nnà á ní "Àṣẹ!" Ní àárín rẹ̀, mo bú sẹ́kún. Mi ò tíì sunkún bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ tí bàbá mi ti kú.

"Kí lo sọ fún Ọlọ́run nípa bàbá rẹ?" ìyá mi bi mí.

"A ò dárúkọ wọn níbẹ̀, Màámi. Ọlọ́run la kàn ń yìn."

"Kò burú náà." Ó ṣí àwo sàárà. "Ṣé Júù ń jẹ àkàrà?"

Mo jẹ méje.

Lọ́dún yìí, iṣẹ́ pọ̀ lọ́wọ́ mi. Mo pe ìyá mi pé Àbújá ni mo ti máa ṣe é, níbi tí Júù mẹ́wàá ti wà lóòótọ́.

"Àwa mẹ́sàn-án ti wà ńlẹ̀," ó ní. "Bí o ò bá wá, a ò pé."