Àpótí Àwọn Aláàfíà

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni Zulma Etchegoyen fi gé ẹran òkú pẹlẹbẹ nílé ìwádìí àrùn ẹran kan tó wà lágbègbè odò Arapey, níhà àríwá Urugúáì, lásìkò tí irun àgùntàn ṣì jẹ́ ohun tí a fi ń yangàn ní ilẹ̀ náà. Kì í ṣe dókítà. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kí ó ri ègé ẹran sínú ìda, kí ó fi abẹ gé e títí yóò fi fẹ́lẹ́ ju èèpo àlùbọ́sà lọ, kí ó rẹ ẹ́ láró, kí ó sì tẹ́ ẹ sórí gíláàsì kí àwọn dókítà lè fi máíkírósíkóòpù wò ó. Àwọn dókítà ń wá, wọ́n ń lọ. Zulma kò kúrò nídìí abẹ rẹ̀.

Ó ní àṣà kan tí wọ́n máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ rẹ̀. Nígbà òtútù, bí wọ́n bá ṣèèṣì pa abo àgùntàn tó lóyún nílé ìpẹran, Zulma yóò gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ síbẹ̀, yóò tọrọ ọmọ inú rẹ̀, yóò sì fi okùn ìwọ̀n wọ̀n ọ́n láti àtàrí dé ìdí kí ó tó yọ ẹ̀dọ̀ rẹ̀. Okùn yẹn ní í sọ ọjọ́ orí oyún fún un. Gíláàsì àwọn ẹ̀dọ̀ wọ̀nyí ló tò sínú àpótí onígi kan, láti orí oyún ogójì ọjọ́ títí dé orí èyí tó kù fẹ́ẹ́fẹ́ kí wọ́n bí. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ orúkọ àpótí náà sára ìdérí rẹ̀: Àwọn Aláàfíà.

"Ẹni tí kò mọ ojú aláàfíà," ni ó máa ń wí, "kí ni yóò fi dá ojú aláìsàn mọ̀?"

Ní oṣù kẹjọ ọdún 1986, Don Eusebio Larrosa, ọlọ́sìn àgùntàn, di ọmọ àgùntàn márùn-ún tí oyún wọn wálẹ̀ sínú àpò, ó gbé wọn wá. Dókítà Fabricio Burgueño, ọ̀dọ́mọkùnrin tí kò tí ì lo oṣù mẹ́rin níbi iṣẹ́ náà, ni ó wo ẹ̀dọ̀ wọn. Ó rí i pé wọ́n kún fọ́fọ́ fún sẹ́ẹ̀lì dúdú kéékèèké, bíi ti ẹ̀dọ̀ tí àrùn ti mú wú. Ó bá jókòó, ó kọ ìwé pé àrùn arànmọ́ ti wọ agbo Larrosa. Bí irú ìwé bẹ́ẹ̀ bá fi lè jáde, ẹgbẹ̀ta àgùntàn ni ọkọ̀ yóò kó lọ fún pípa ní ọjọ́ Ẹtì, agbo tí bàbá Don Eusebio fi àgùntàn méjìlá péré bẹ̀rẹ̀.

Òwúrọ̀ Ọjọ́rú ni ìwé náà dé ọwọ́ Zulma kí ó lè tò ó sínú fáìlì. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ó da omi gbígbóná sínú igbá maté, ewé tí wọ́n ń mu bíi tíì níbẹ̀, ó mú un tọ dókítà lọ.

"Ẹ̀dọ̀ èwo lẹ fi wé ti àwọn ọmọ yìí, Dókítà?"

"Ti ọ̀dọ́ àgùntàn ọlọ́sẹ̀ méjì, Doña Zulma. Ó wà nínú dúrọ́ọ̀ mi níbí. Mímọ́ ló mọ́ tónítóní."

"Ọlọ́sẹ̀ méjì ti jáde sáyé, ó ti ń mu ọmú. Àwọn wọ̀nyí ò rí oòrùn rí."

"Ẹ̀dọ̀ ni ẹ̀dọ̀ ń jẹ́, mà."

"Ẹ̀yin náà ti wà nínú ikùn ìyá yín rí, ọmọ mi. Mùdùnmúdùn eegun yín ò tí ì mọ iṣẹ́ nígbà náà. Ta ló ń ṣe ẹ̀jẹ̀ fún yín?"

Dókítà fa maté. "Ẹ̀dọ̀ ni," ló wí níkẹyìn. "Wọ́n kọ́ wa nílé ìwé."

"Wọ́n kọ́ yín. Ẹ kàn gbé e sílẹ̀ síbẹ̀ nígbà tí ẹ ń bọ̀ ni."

Ó gbé àpótí rẹ̀ wá. Oyún àádọ́rùn-ún ọjọ́ ni okùn ìwọ̀n fi àwọn ọmọ àgùntàn Larrosa hàn. Ó mú gíláàsì aláàfíà àádọ́rùn-ún ọjọ́, ó gbé e sí ẹ̀gbẹ́ tiwọn. Dókítà wo èkíní, ó wo èkejì, ó padà sí èkíní. Sẹ́ẹ̀lì dúdú kan náà ni, bí wọ́n ṣe pọ̀ tó nínú ti aláàfíà ni wọ́n pọ̀ tó nínú tiwọn. Ilé ìdáná ẹ̀jẹ̀ ni ó rí, ó pè é ní ilé àrùn. Etí rẹ̀ pọ́n. Mẹ́rin nínú márùn-ún rí bẹ́ẹ̀.

"Ìkarùn-ún ńkọ́?" ó béèrè, bí ẹni tó ń wá ibi tí yóò fẹsẹ̀ tẹ̀.

"Ìkarùn-ún ṣàìsàn, ẹ ò ṣìnà níbẹ̀. Ibi-ọmọ tí wọ́n kó wá pẹ̀lú rẹ̀ wú, ó sì ní ọyún. Ẹ wá wo ẹ̀dọ̀ rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti aláàfíà. Àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń ṣe ẹ̀jẹ̀ pupa ti dín kù, àwọn tó ń ṣe ọmọ-ogun ara ti kún ojú ilé. Ẹ rí kòkòrò àrùn kankan nínú ẹ̀dọ̀ náà?"

"Mo wá a títí, n ò rí i."

"Kò dé ibẹ̀ ni. Iyàrá ìyá ni iná ti ń jó. Ọmọ ò jóná, ariwo ló gbọ́, ló bá pa oúnjẹ tì, ó ń rọ idà."

Dókítà kọ ọ̀rọ̀ yẹn sẹ́yìn ọwọ́ rẹ̀. "Kí ló wá pa àwọn mẹ́rin?"

"Don Eusebio ló mọ ìyẹn."

Don Eusebio dé lọ́sàn-án láti gba èsì, ó mú fìlà rẹ̀ dání bí ẹni tó wá kí òkú. Zulma gbé àpò tó fi kó àwọn ọmọ náà wá jáde láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, ó fi ìka ra á.

"Don Eusebio, ọ̀rá irun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rẹ́ ló wà lára àpò yìí. Ìgbà wo lẹ rẹ́run àwọn ìyá wọn?"

"Ó ti ṣe díẹ̀."

"Òjò ọjọ́ Àìkú yẹn bá irun lára wọn, àbí kò bá a?"

Ọkùnrin náà wo ilẹ̀. Àwọn arẹ́run ló sọ pé ọwọ́ àwọn yóò dí tó bá yá, lòun bá gbà kí wọ́n tètè rẹ́ ẹ. Ọjọ́ kejì ni òjò òtútù dé. "Ojú ń tì mí láti sọ ọ́," ló wí. "Bàbá mi ò jẹ́ ṣe irú ẹ̀."

"Bàbá yín ṣe é lọ́dún 1948. Ìyá mi wà lára àwọn tó ràn án lọ́wọ́ sin àwọn òkú àgùntàn náà."

Don Eusebio gbójú sókè. "Kò sọ fún mi rí."

"Ojú ń ti òun náà ni."

Dókítà Burgueño fa ìwé àkọ́kọ́ ya. Ó kọ òmíràn: òtútù ló ṣẹ́ oyún mẹ́rin, àrùn inú ilé-ọmọ ìyá ló ṣẹ́ ìkarùn-ún, kí a ya ìyá yẹn sọ́tọ̀, kí a yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, kí agbo dúró síbi tó wà. Ó bọ Don Eusebio lọ́wọ́, ó sì tọrọ àforíjì fún ohun tí ìwé àkọ́kọ́ ì bá fà bá a. Ní ọjọ́ Ẹtì, kò sí ọkọ̀ tó yà sẹ́nu ọ̀nà Larrosa.

Lọ́sàn-án Ọjọ́rú yẹn, nígbà tí àwọn méjèèjì ti lọ, Zulma jókòó ti gíláàsì márààrún. Ó kọ ọ̀rọ̀ sára mẹ́rin, lẹ́tà rẹ̀ tò gbọnrangandan bí ìgbà tó wà ní ọmọ ilé ìwé: àádọ́rùn-ún ọjọ́, òtútù ló pa á, ẹ̀dọ̀ pé. Ó tò wọ́n sínú àpótí àwọn aláàfíà, sáàrin àwọn ẹgbẹ́ wọn. Ìkarùn-ún ló gbé lọ sí dúrọ́ọ̀ dókítà, ó yọ gíláàsì ọlọ́sẹ̀ méjì kúrò níbẹ̀, ó fi aláàfíà àádọ́rùn-ún ọjọ́ kan láti inú àpótí rẹ̀ tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́.