Bọ́tìnì Ẹ̀gbẹ́ Ibùsùn Màmá

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè ni iléèwé máa wọlé, Títílọpẹ́ ò sì tíì mọ ẹni tó máa dá ìyá ẹ̀ lóhùn tí òun bá lọ kọ́ àwọn ọmọ ní kọ̀ǹpútà ní Egan. Àrùn rọpárọsẹ̀ ti mú ìyá náà, Màmá Matilda, lápá ọ̀tún, ohùn wọn ò sì jáde dáadáa mọ́. Wàsílátù, aránṣọ ẹnu géètì, ti gbà láti máa sáré wọlé, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ mọ ìgbà tí wọ́n ń pè é.

Ni Títílọpẹ́ bá to àpótí kékeré kan tó ní ṣípù nínú, ìyẹn ọpọlọ ẹ̀rọ náà. Bọ́tìnì kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, èkejì wà ní balùwẹ̀. Nínú ètò kọ̀ǹpútà tó kọ fún ṣípù náà, bọ́tìnì kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀dá tirẹ̀, ìyẹn abala ètò tó dúró fún un, tó mọ orúkọ ara ẹ̀ àtohun tó máa ṣe: tí wọ́n bá ti tẹ̀ ẹ́, kó dá ṣípù dúró lẹ́nu iṣẹ́, kó sì pe fóònù Wàsílátù lójú ẹsẹ̀. Ó dùn létí, àbí? Màmá tẹ ti ibùsùn, àpótí dákú. Wọ́n tẹ ti balùwẹ̀, kò mira. Ó tún un kọ títí ó fi sú u. Ẹ̀rù bà á gidi, ó ti ń ro bó ṣe máa sọ fún ọ̀gá iléèwé pé òun ò wá mọ́.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, ó gbé Màmá lọ sí ìjọ aláṣọ funfun wọn n'Íkọ̀tún. Orin ń lọ lọ́wọ́ nígbà tí ẹ̀mí gbé wòlíì kan, tó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ríran sí ẹnì kan. Bí wọ́n ṣe máa ń ṣe, akọ̀wé sáré sún mọ́ ọn, ó kọ ìran náà àti orúkọ ẹni tó kàn, ó padà síjòókòó. Orin ò dúró. Ẹ̀yìn ìsìn ni wọ́n tó pe ẹni náà, tí wọ́n gbàdúrà fún un. Láti kékeré ni Títílọpẹ́ ti ń rí i, òní ló ṣẹ̀ṣẹ̀ yé e. Ṣípù tí òun dá dúró náà ló yẹ kó pe fóònù! Báwo ló ṣe fẹ́ pè é?

Kò tíì bọ́ sùtánà tó fi ṣí kọ̀ǹpútà. Báyìí, tí wọ́n bá tẹ bọ́tìnì, àmì kékeré lásán ni ètò náà yóò fi sára ẹ̀dá bọ́tìnì yẹn, ṣípù á sì máa bá iṣẹ́ ẹ̀ lọ. Tí ṣípù bá ń yẹ àwọn ẹ̀dá náà wò níkọ̀ọ̀kan, tó dé orí èyí tó ní àmì lára, ìgbà yẹn ló máa pe fóònù.

Màmá tẹ̀ ẹ́. Kò pẹ́, Wàsílátù wọlé tòun ti téèpù lọ́rùn, ó béèrè ohun tí wọ́n fẹ́. Ó padà síbi ẹ̀rọ ẹ̀, wọ́n tún tẹ ti balùwẹ̀, ó tún dé.

"Mo ti dé, Mà. Kí ni kí n bá yín ṣe?"

Màmá rọra wá ọ̀rọ̀ náà rí. "Kò sí. Mo kàn fẹ́ mọ̀ bóyá wàá wá."

Títílọpẹ́ kọjú sí ògiri, ó nu omi ojú ẹ̀ nù, ó sì lọ wá áyọ́ọ̀nù láti fi lọ aṣọ tó máa wọ̀ lọ síṣẹ́.