Tamọsítáàtì Ara Ògiri Bàbá Mi

Dúdú ni wọ́n mú. Ẹ̀gbọ́n mi pè láti Amẹ́ríkà, ó ní òun fẹ́ fi nǹkan kan ránṣẹ́ sílé, ṣé funfun ni wọ́n fẹ́ àbí dúdú. Kò sẹ́ni tó kọ́kọ́ bi í pé kí ni nǹkan ọ̀hún. Màmá ní funfun máa ń tètè dọ̀tí, pàápàá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí eruku ọ̀nà Àtìkòrí máa ń wọlé wá bá wa jókòó. Bàbá ní dúdú máa ń fa ooru mọ́ra, sáyẹ́ǹsì ló wí bẹ́ẹ̀, òun sì ti fi ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní sáyẹ́ǹsì. Wọ́n fà á títí ẹ̀gbọ́n mi fi ní ó ti yá kí òun máa lọ síbi iṣẹ́, kí Màmá tó borí. Èmi tí mo jókòó sáàárín wọn ni mo wá béèrè pé, "Kí lẹ ń yàn gan-an?" Wọ́n wò mí bí ẹni tó fẹ́ dá ìjọ rú.

Olùkọ́ ni mí ní yunifásítì tó wà ní Àgọ́-Ìwòyè. Ọdún yẹn la daṣẹ́ sílẹ̀, oṣù ń gorí oṣù, ni mo bá kó ẹrù mi padà sílé àwọn òbí mi ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Ẹni tó bá wà nílé àwọn àgbà láìníṣẹ́, gbogbo iṣẹ́ ilé ló di tirẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ yìí fi kàn mí.

Ẹnìkan tó ń bọ̀ nílé ló bá wa mú ẹrù náà wá, nínú páálí kékeré kan. Nǹkan pẹlẹbẹ ni, kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, ojú rẹ̀ dà bíi ti aago, ìwé tó sì bá a wá nípọn bí ìwé orin. "Kí rè é?" ni Màmá bi mí, ní Ìjẹ̀bú rẹ̀. Bàbá gba ìwé, ó wọ awò ojú rẹ̀, ó kà á dé ojú ewé kẹta. Ó wá ní tamọsítáàtì ni. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa ṣọ́ bí ilé ṣe tutù tó. Bí òtútù bá ti pọ̀ jù, á pàṣẹ fún ẹ̀rọ tó ń mú ilé gbóná.

"Ẹ̀rọ wo?" ni Màmá wí.

Bàbá ṣí ìwé náà dé ojú ewé kẹrin. Oṣù kẹta ni, gbogbo fèrèsé pálọ̀ ṣí sílẹ̀ gbayawu, òógùn sì ń ṣàn lẹ́yìn mi.

Mo mọ ohun tó ń jẹ Bàbá lọ́kàn. Ó ti tó ọdún mọ́kànlá tí ẹ̀gbọ́n mi ti lọ, kò sì tíì wálé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bàbá kì í sọ ọ́ jáde, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà á pé ọmọ náà ti gbàgbé ilé. Bó bá pè, Bàbá á máa fọgbọ́n bi í: ṣé ó rántí igi àgbálùmọ̀ ẹ̀yìnkùlé, ṣé ó rántí ọ̀nà Mámu? Ẹni tó ní òun rántí igi àgbálùmọ̀, tó wá fi ẹ̀rọ òtútù ránṣẹ́ sí Ìjẹ̀bú-Igbó, kí la fẹ́ pe ìyẹn? Síbẹ̀, Bàbá ní kí n lọ pe oníná wá.

Oníná ọ̀hún ló fa wáyà ilé wa nígbà tí wọ́n ń kọ́ ọ. Òun ló fi súìṣì fáànù pálọ̀ sí kọ́rídọ̀, tó ní bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe é nílùú òyìnbó. Ó yí tamọsítáàtì náà síwá sẹ́yìn, ó yọjú wo àwọn ihò wáyà ẹ̀yìn rẹ̀. "Bàbá, ẹ má bínú o. Ẹ̀rọ tí èyí fẹ́ máa pàṣẹ fún ńkọ́?" Bàbá ní kò sí. "Áà! Ọ̀gá tí kò lọ́mọọṣẹ́ nìyí." Bàbá tó ti ṣe ọ̀gá ilé ìwé rí kò fẹ́ràn ọ̀rọ̀ yẹn rárá. Ó ní kó ṣáà kàn án mọ́ ògiri. Wọ́n kàn án sẹ́gbẹ̀ẹ́ fọ́tò ìgbéyàwó Bàbá àti Màmá, a ki bátìrì méjì bọ̀ ọ́, ojú rẹ̀ sì mọ́lẹ̀ kedere: 88.

Màmá pariwo Jésù. Ohun tó mọ̀ ni pé bí omi bá dé ọgọ́rùn-ún, ó hó nìyẹn. Ó ní ó wá ku méjìlá péré kí àwa náà hó. Bàbá ní ìṣirò Amẹ́ríkà ni, ó ṣírò rẹ̀ sẹ́yìn páálí: ẹ yọ méjìlélọ́gbọ̀n kúrò, ẹ sọ ọ́ dọ̀nà márùn-ún, ẹ pín in sọ́nà mẹ́sàn-án. Mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló jẹ́ ní ìṣirò tiwa. Màmá kò gbà. Láti ọjọ́ náà, tó bá ti rí 90, á ki ẹsẹ̀ bọ omi tútù. Kí nǹkan yìí tó dé, ooru kì í pa á tó bẹ́ẹ̀.

Ètò rẹ̀ ló wá le jù. Ìwé ní a gbọ́dọ̀ sọ fún un: aago mélòó lẹ ń jí, aago mélòó lẹ ń jáde nílé, aago mélòó lẹ ń padà, aago mélòó lẹ ń sùn. Bàbá dúró síwájú ògiri bí ẹni tó fẹ́ kọ táímtébù sí bọ́ọ̀dù, ó ń ka ìbéèrè, èmi ń tẹ bọ́tìnnì. Ni Màmá bá yọ láti kíṣìnì, síbí ọbẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ta ló ń béèrè ìyẹn?"

Mo ní ẹ̀rọ ni.

"Ẹ̀rọ fẹ́ mọ ìgbà tí kò ní í sẹ́nì kankan nílé? Ó tún fẹ́ mọ ìgbà tí a bá sùn? Olè ló ń béèrè bẹ́ẹ̀."

Mo ní òkè òkun ni wọ́n ti ṣe é. Ó ní ṣé olè ò sí lókè òkun ni. Ó ní òun ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni pé ilé òun ṣófo, ì báà ṣe wòlíì ìjọ Aládùúrà òun fúnra rẹ̀. Bàbá, tó jẹ́ wọ́dìn ní ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà, tó sì máa ń fi Aládùúrà Màmá ṣe yẹ̀yẹ́, ronú sí i díẹ̀, ó ní ọ̀rọ̀ náà lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Bí a ṣe parọ́ fún tamọsítáàtì nìyẹn. A sọ fún un pé aago mẹ́rin ìdájí la ń jí, a kì í jáde rárá, a sì ń sùn ní aago mẹ́rin ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún.

Gbogbo rẹ̀ ì bá parí síbẹ̀ bí kì í bá ṣe ti ọ̀rẹ́ Bàbá. Hẹ́dímásítà tó ti fẹ̀yìn tì ni, ọmọ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì, tó máa ń wá ka ìwé ìròyìn nílé wa ní ọ̀sán gbogbo Sátidé. Ọmọ tirẹ̀ wà ní Lọ́ńdọ̀nù, ó sì fi kẹ́tù kan ránṣẹ́ sí i tó máa ń pa iná ara rẹ̀ bí omi bá ti hó. Ọdún kejì nìyẹn tí a ti ń gbọ́ ìtàn kẹ́tù. Kó tó jókòó lọ́jọ́ náà, ojú rẹ̀ ti dé ara ògiri.

"Kí nìyẹn?"

Ẹnu Bàbá yá ju ọgbọ́n rẹ̀ lọ. "Ọmọ mi ni. Láti Amẹ́ríkà ló ti ń fi mú pálọ̀ yìí tutù."

Ó dìde, ó ní òun fẹ́ mu omi, ó sì wá bá mi ní kọ́rídọ̀ níbi tí súìṣì fáànù wà. "Dúró síbí. Bí o bá ti gbọ́ 'ọmọ mi,' yí i sókè."

Mo ní, "Bàbá, irọ́ nìyẹn."

Ẹni tó nà mí bí ẹni máa kú nígbà kan nítorí pé mo parọ́ lórí hóró ṣúgà méjì, ó wò mí lójú kòrókòró. "Irọ́ kọ́. Àṣefihàn ni. A máa ń ṣe é nínú sáyẹ́ǹsì."

Ó padà lọ jókòó, ó gbójú sókè sí ògiri. "Ọmọ mi, ooru ń mú wa o." Mo yí i dé mẹ́ta. Fáànù bẹ̀rẹ̀ sí í yí wìì. Hẹ́dímásítà pàtẹ́wọ́. Kò mẹ́nu ba kẹ́tù mọ́ títí ó fi lọ sílé, inú Bàbá sì dùn débi pé ó bu ẹran rẹ̀ fún mi lálẹ́ ọjọ́ náà. Kí n má parọ́, inú tèmi náà dùn.

Sátidé mẹ́ta ni mo fi dúró ní kọ́rídọ̀. Èmi ọ̀mọ̀wé, mo di ọmọọṣẹ́ tamọsítáàtì. Bí wọ́n bá mú iná lọ, Bàbá á ní ọmọ òun ti sùn lọ.

Ní Sátidé kẹrin, Hẹ́dímásítà ní ojú ń ti òun pé òun ò tíì dúpẹ́. "Ẹ pe ọmọ náà, kí n rí ojú rẹ̀." Bàbá sáré ní ó wà níbi iṣẹ́. Màmá, tí a kò sọ ọ̀rọ̀ àṣefihàn fún, ní, "Iṣẹ́ wo? Ṣebí Sátidé ni," ó sì tẹ fóònù.

Ẹ̀gbọ́n mi yọjú nínú fóònù, ó wọ ẹ̀wù méjì léra, ó sì dé fìlà onírun. Mo ń yọjú láti ẹ̀yìn kọ́tìnì kọ́rídọ̀, mo ń gbọ́ gbogbo rẹ̀. Hẹ́dímásítà kí i, ó súre fún un, ó wá ní, "Ọmọ mi, jọ̀ọ́, gbé e sókè díẹ̀ fún wa." Bí mo ṣe gbọ́ "ọmọ mi" báyìí, ọwọ́ mi ti yí i dé márùn-ún. Ìwé ìròyìn fò kúrò lórí tábìlì. Àkókò yẹn gan-an ni ẹ̀gbọ́n mi ń sọ nínú fóònù pé, "Kí n gbé kí ni sókè, sà? Ọwọ́ mi ò lè dé ibẹ̀ láti ibí. Àbí òtútù ń mú yín ni?"

Hẹ́dímásítà wo fóònù, ó wo fáànù, ó wo kọ́tìnì ẹnu ọ̀nà kọ́rídọ̀. "Ẹni tó wà níbẹ̀, máa bọ̀." Mo jáde bí ọmọ ilé ìwé tó pẹ́ lẹ́yìn. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Bàbá kò rẹ́rìn-ín. Ojú tì í, ìtìjú ọ̀hún sì di ìbínú. Ó já fóònù gbà lọ́wọ́ Màmá. "Òtútù wo ló ń mú wa? Ní Ìjẹ̀bú-Igbó? Ìwọ tó jẹ́ pé orí sìmẹ́ńtì lo máa ń sùn sí nínú ilé yìí nítorí ooru? Ṣé o ti gbàgbé ilé ni?"

Ọdún mọ́kànlá ló fi gbé ọ̀rọ̀ yẹn mì. Ẹ̀rín tán lẹ́nu Hẹ́dímásítà.

Ẹ̀gbọ́n mi ṣí fìlà orí rẹ̀. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, ó ti pa Yorùbá olówó tó fi ń kí àlejò tì, Ìjẹ̀bú ló bọ́ sí. "Mé gbàgbé, Bàbá," ló wí: òun kò gbàgbé. Ó ní yàrá òun lòun kọ́kọ́ fẹ́ rà á fún, nítorí òtútù fẹ́rẹ̀ẹ́ pa òun, ṣùgbọ́n onílé kò gbà kí òun kan nǹkankan mọ́ ògiri. Ilé kẹrin tí òun ń gbé níbẹ̀ nìyẹn, kò sì sí èyí tí wọ́n ti gbà kí òun kan ìṣó kan ṣoṣo. Orí tábìlì ni òun gbé fọ́tò Bàbá àti Màmá lé. Ó ní òun mọ̀ pé ooru là ń bá jà nílé, òun ò sì retí pé nǹkan náà máa wúlò fún wa. Òun kàn fẹ́ kí nǹkan tòun wà lára ògiri níbì kan, kí ẹnikẹ́ni má bi òun léèrè ni.

Màmá fi etí ìró nu ojú. Hẹ́dímásítà ṣa ìwé ìròyìn rẹ̀ nílẹ̀, kò sì kà á.

Bàbá bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún un wọ̀. Ó wo ògiri pálọ̀ láti igun kan dé ìkejì, bí ẹni tó ń wọn ilẹ̀.

"Ògiri pọ̀ níbí," ló wí. "Fi òmíràn ránṣẹ́."