Ẹjọ́ Ilé Ti Dúró

Ẹjọ́ méjì ló wà lọ́rùn ọmọ mi. Iṣẹ́ ìjọba ló ń ṣe tẹ́lẹ̀. Wọ́n ní ó jí owó, ìyẹn ni wọ́n torí ẹ̀ tì í mọ́lé. Wọ́n tún wá pe ilé ẹ̀ lẹ́jọ́. Ilé o! Ilé tí kò lẹ́nu. Wọ́n ní owó olè ló fi kọ́ ọ, kí ìjọba gbà á.

Ogbómọ̀ṣọ́ nilé náà wà. Ilé alámọ̀ tí èmi àti bàbá wọn ń gbé ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, òun ló wó o tó fi búlọ́ọ̀kù kọ́ ọ. Ẹ̀yìnkùlé ibẹ̀ la sin bàbá wọn sí, mo sì ti fi ẹsẹ̀ wọn ilẹ̀ tí wọn ó sin èmi náà sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n fi ṣéènì ti géètì ni mo padà sí Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́, sílé bàbá tó bí mi. Àbúrò mi obìnrin fún mi ní yàrá kan níbẹ̀. Eyín ti tán lẹ́nu mi. Ṣé ibẹ̀ ni wọn ó ti wá gbé mi jáde ni? Ohun tí mo ń bi Ọlọ́run lójoojúmọ́ nìyẹn.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, lọ́yà ọmọ mi pè mí lórí fóònù. "Màmá, ẹ kú oríire. Adájọ́ ti dá ẹjọ́ ilé dúró."

Tí ọkọ̀ bá dúró, èrò á sọ̀ kalẹ̀. Tí ìjà bá dúró, kálukú á gba ilé ẹ̀ lọ. Bí mo ṣe gbọ́ ọ nìyẹn. Mo forí kanlẹ̀, mo ní Alhamdulilahi. Mo dín mọ́sà, mo fi ṣe sàráà fún àwọn ọmọ kéú. Ilẹ̀ mọ́, mo wọkọ̀ Ogbómọ̀ṣọ́, tèmi ti ìgbálẹ̀ mi.

Mégáàdì tí ìjọba fi síbẹ̀ ń jẹ ẹ̀pà.

"Màmá, ẹ kú ìrìn. Ta lẹ wá rí?"

"Ilé mi ni mo wá rí. Ẹjọ́ ti dúró, ṣí géètì."

Ó wò mí, ó wo ìgbálẹ̀. "Ẹjọ́ dúró lóòótọ́, Màmá. Ṣéènì náà dúró. Èmi tí mo dúró tì í nìyí."

"Ṣé ẹgbẹ́ ẹ ni mí?"

"Ẹ má bínú. Tí mo bá ṣí i, èmi ni wọn ó wá tì mọ́lé." Ó bá mi pe lọ́yà.

Lọ́yà ní, "Màmá, mo ní ó dúró, mi ò ní ó parí. Ẹjọ́ olè ni wọn ó kọ́kọ́ gbọ́ tán, kí wọ́n tó padà sórí tilé."

"Ta ló ní kí wọ́n dá a dúró?"

Ó ní, "Èmi ni, Màmá."

Mo pariwo débi pé ẹ̀pà bọ́ lọ́wọ́ mégáàdì.

"Ẹ gbọ́ mi ná. Kí ilé yẹn tó lè bọ́, ọmọ yín gbọ́dọ̀ fẹnu ara ẹ̀ sọ ibi tó ti rówó kọ́ ọ. Ohun tó bá sọ níbẹ̀, wọ́n á gbé e lọ sí kóòtù kejì, wọ́n á fi dè é."

"Ọdún mélòó la ó fi dúró?"

"Mi ò lè parọ́ fún yín, Màmá. Mi ò mọ̀."

Mo jókòó sẹ́nu géètì. Mo yọjú láàárín irin, mo rí ẹ̀yìnkùlé lọ́ọ̀ọ́kán: koríko ti bo sàréè bàbá wọn mọ́lẹ̀. Mo ti ìgbálẹ̀ gba àárín irin wọlé, kò débẹ̀.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mo lọ wo ọmọ mi lẹ́wọ̀n. Ó ti rù.

"Màámi, lọ́yà ti sọ fún mi. Tí ẹ bá ní kí n sọ̀rọ̀, màá ní kí wọ́n máa bá ẹjọ́ ilé lọ. Màá sọ gbogbo ẹ̀."

Mi ò bi í pé kí ni gbogbo ẹ̀. Ẹ̀rù ìdáhùn ń bà mí.

"Dákẹ́," mo ní. "Pa ẹnu ẹ mọ́."

Ó bú sẹ́kún. Mo tún un sọ: dákẹ́.

Nígbà tí mo dé Ọ̀yọ́, mo ní kí àbúrò mi wá fi ibi tó ṣófo lẹ́yìn ilé bàbá wa hàn mí.