Ẹnu Tí Mi Ò Fọ̀

Inú ń bí mi bí mo ṣe ń kọ eléyìí. Gọ́tà kan ń bí mi nínú, àwọn tó gbẹ́ ẹ tí wọn ò bò ó ń bí mi nínú, ṣùgbọ́n èmi tí mo wà lára àwọn tó to búlọ́ọ̀kù rẹ̀ ni mo ń bí ara mi nínú jù.

Birikìlà ni mí. Apá Ọ̀yọ́ ni mo ti wá, yàrá kan ni mo háyà ní Lotto, ní Mowe níbí. Láti ìgbà tí mo ti ra kẹ̀kẹ́ tòkunbọ̀ kan ni mo ti máa ń gùn ún jáde kí ilẹ̀ tó mọ́. Kì í ṣe pé mo ń lọ síbì kan o. Màá gba àdúgbò wa já sí títì, màá gba ẹ̀gbẹ́ títì dé Ibafo, màá yí padà. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹni tí kò bá ṣe é rí lè má mọ ohun tí mò ń sọ. Níbẹ̀rẹ̀, orúnkún á máa kùn, ọ̀nà á máa gbọ̀n ẹ́ bí ẹni ń jọ èlùbọ́. Tó bá yá, ṣéènì á bá ẹsẹ̀ ẹ mu, èémí ẹ á tẹ̀lé e, ọkàn ẹ náà á wá rọra jókòó. Òórùn búrẹ́dì gbígbóná á máa ti ilé búrẹ́dì bọ̀. Lójú títì, àwọn tó lọ ṣe àìsùn ní Redemption Camp á máa sọ̀kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì, ẹní lábẹ́ apá, ojú wíwú. Ìgbà yẹn ni mo máa ń ronú. Lọ́sàn-án, nídìí sìmẹ́ńtì, ta ló ń ronú? Ọ̀gá ń pariwo, ẹ̀rọ tó ń po kọnkéré náà ń pariwo.

Ohun kan ṣoṣo ni mo kórìíra ní àkókò yẹn: kí ẹnikẹ́ni bá mi sọ̀rọ̀.

Ìyá mi kọ́ wa nílé pé ọmọ kì í la ẹnu kí àgbà láàárọ̀ láì tíì fọ ẹnu. Ẹ̀kọ́ tó dáa ni. Ṣùgbọ́n màá sọ òótọ́: omi wà nínú kẹ́ẹ̀gì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn mi, búrọ́ọ̀ṣì mi wà lójú fèrèsé. Mo mọ̀ọ́mọ̀ ń fi ẹnu mi sílẹ̀ láìfọ̀ ni. Tí ẹnikẹ́ni bá kí mi, màá gbé ọwọ́ sókè, màá tọ́ka sí ẹnu mi, wọ́n á sì gbà. Ta ló fẹ́ bá ọmọ tí wọ́n kọ́ dáadáa jà?

Bàbá kan ń gbé ní kọ́nà àdúgbò wa, awakọ̀ tírélà àtijọ́ tí ojú rẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ ríran mọ́. Kí wọ́n tó pe ìrun àsùbáà ló ti máa ń jáde lọ sí mọ́sálásí, búútà lọ́wọ́ kan, ọ̀pá lọ́wọ́ kejì. Bó bá ti gbọ́ ìró ṣéènì mi báyìí:

"Oníkẹ̀kẹ́! Jíà mélòó lo wà?"

Kẹ̀kẹ́ mi ò ní jíà kankan. Ó mọ̀. Màá gbé ọwọ́ sókè.

"Kò tíì fọnu! Ẹnu ẹ á jẹrà lọ́jọ́ kan, ìwọ ọmọ yìí! Má gbàgbé bíréèkì o!"

Òun á rẹ́rìn-ín síta, èmi á rẹ́rìn-ín sínú.

Ẹgbẹ́ àwọn onílé ló gbẹ́ gọ́tà tí mò ń sọ, iwájú ilé bàbá gan-an ló gbà kọjá. Wọ́n pe àwa birikìlà, a to búlọ́ọ̀kù rẹ̀, a rẹ́ ẹ. Mo bi alága wọn pé kọnkéré tí wọ́n máa fi bò ó ńkọ́.

"Ṣe tìẹ, kó o máa lọ," ló sọ fún mi.

Mo ṣe tèmi, mo sì lọ. Pákó kan ṣoṣo ni wọ́n gbé dábùú rẹ̀ kí bàbá lè ríbi kọjá. Ojoojúmọ́ ni mo ń rí pákó yẹn.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, òjò ti rọ̀ mọ́jú. Atẹ́gùn tutù, ọ̀nà dá, ṣéènì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bá ẹsẹ̀ mi mu. Bí mo ṣe ń kọjá ní kọ́nà, mo gbọ́ "Oníkẹ̀kẹ́!" Mo gbé ọwọ́ sókè. Ó tún pè: "Oníkẹ̀kẹ́!" Kò béèrè jíà. Ó yẹ kí ìyẹn ti tó mi. Ìsàlẹ̀ ni ohùn rẹ̀ ti ń bọ̀. Ó yẹ kí ìyẹn náà tó. Mi ò wẹ̀yìn. Tí mo bá dúró, màá tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ni, ẹsẹ̀, èémí, ọkàn. Ohun tí mo rò nìyẹn. Mo gùn ún dé Ibafo, ó sì dùn. Ohun tó ń bí mi nínú jù nìyẹn: ó dùn.

Nígbà tí mo fi padà dé, èrò ti pé jọ. Àwọn tó kírun tán ló gbọ́ ohùn rẹ̀ tí wọ́n fà á jáde nínú gọ́tà. Ó wà lórí bẹ́ǹṣì, ẹrẹ̀ dé irùngbọ̀n rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan wọ́ nílẹ̀ bíi pé kì í ṣe tirẹ̀. Pákó ti ṣẹ́ sí méjì.

Obìnrin kan ń pariwo: "Kò sẹ́ni tó kọjá ni? Nínú gbogbo àdúgbò yìí!"

Alága náà wà níbẹ̀. "Àmúwá Ọlọ́run ni," ló ń sọ, tó ń mi orí. Ó ṣe mí bíi kí n gbá a létí.

"Kò sẹ́ni tó kọjá," ni bàbá sọ. Ibi tí mo dúró sí ló ń wò.

Mi ò fọhùn. Wọ́n rò pé mi ò tíì fọnu.

Eegun ìbàdí ló kán. Ọmọ rẹ̀ obìnrin wá gbé e lọ sí Ajuwon. Mi ò fọwọ́ kan kẹ̀kẹ́ mọ́. Ìjà ni mò ń bá kiri: mo bá ọlọ́kadà jà, mo bá ẹni tó ń po yẹ̀pẹ̀ fún mi jà. Nígbà tó di ọjọ́ Sọ́ńdè kan, mo fọ ẹnu lẹ́ẹ̀mejì, mo wọkọ̀ lọ sí Ajuwon. Mo dọ̀bálẹ̀ síwájú ibùsùn rẹ̀.

"Bàbá, èmi ni mo kọjá lọ́jọ́sí."

"Mo mọ̀. Mo gbọ́ ṣéènì ẹ, mo sì rí ọwọ́ ẹ lókè."

"Kí ló dé tẹ́ ẹ ò sọ?"

"Kí wọ́n lè lù ẹ́? Ṣé lílù ẹ ló máa to eegun mi? Jíà mélòó lo wà lọ́jọ́ yẹn?"

Ẹnu mi mọ́ tónítóní, mi ò rí èsì kankan fi sí i. Mo fẹ́ kó bú mi. Ó kọ̀. Ó ní kí wọ́n bu oúnjẹ fún mi.

"Ṣé ẹ máa padà wá sílé, bàbá?"

"Ṣé wọ́n ti bo gọ́tà yẹn?"

"Rárá, sà."

"Kí ni mo wá fẹ́ wá ṣe níbẹ̀?"

Ní Sátidé tó tẹ̀lé e, mo di irin, mo po kọnkéré, mo bo gbogbo iwájú ilé rẹ̀ fúnra mi. Alága sáré dé.

"Ta ló fún ẹ láṣẹ? Gọ́tà ẹgbẹ́ nìyí o!"

"Ẹ wá fọ́ ọ," ni mo sọ. Mi ò kí i, mi ò sì fi "sà" sí i. Mo dúró ti kọnkéré náà tèmi ti ṣọ́bìrì. Àwọn èèyàn ti ń yọ jáde nílé. Ó kùn títí, ó bá tirẹ̀ lọ.

Kọnkéré náà ti gbẹ. Mo ti ránṣẹ́ sí Ajuwon pé ó ti gbẹ. Ilẹ̀kùn bàbá ṣì wà ní títì. Mo ti tún ń gun kẹ̀kẹ́ láàárọ̀, mo sì ń fọ ẹnu kí n tó jáde. Tí mo bá dé kọ́nà, màá sọ̀kalẹ̀, màá fi ọwọ́ tì í kọjá kí ariwo ṣéènì má bàa dí mi létí. Kò sẹ́ni tó ń pè mí. Màá tún gùn ún. Ó máa ń pẹ́ báyìí kí ṣéènì tó bá ẹsẹ̀ mi mu. Lọ́jọ́ míì, mo máa ń dé Ibafo kí n sì padà láìjẹ́ pé ó bá a mu rárá.