Ta Ni Fáànù Yìí Ń Fẹ́?

Nínú ilé bàbá mi ní Àgbowó, fáànù kì í fẹ́ yàrá òfìfo. Òfin ni. Bí o bá dìde láti lọ bu omi mu lásán, kí o tó padà, Bàbá á ti pa á, wọ́n á sì máa bi ògiri léèrè pé, "Ta ni fáànù yìí ń fẹ́?" Láti ìgbà tí wọ́n ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ akọ̀wé ìjọba, fáànù ilé ni wọ́n ń ṣọ́. A máa ń fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Èmi gan-an ló ń rẹ́rìn-ín jù.

Mò ń ṣe ìwádìí lórí òjò nígbà náà ní yunifásítì. Kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo ni gbogbo ẹ̀ka wa ní, ẹni tó sì ń tọ́jú kọ́kọ́rọ́ yàrá rẹ̀, a kì í bá a nílé, a kì í bá a lóko. Inú bí mi títí, mo ní n óò to tèmi fúnra mi. Ẹ̀gbọ́n mi tó wà lókè òkun ń fi ẹ̀yà rẹ̀ ránṣẹ́ díẹ̀díẹ̀ nínú ẹrù àwọn tó ń bọ̀ wálé. Wẹ́dà kan ní Mọ́kọ́lá ló bá mi fi irin pẹlẹbẹ ṣe àpótí rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi kọ ọ́ sínú lẹ́tà, ó sì fa ìlà pupa sí i nídìí: ooru ló ń pa á. Torí náà, fáànù kéékèèké méjì ni mo fi sí i. Ti iwájú yóò máa fa afẹ́fẹ́ tútù wọlé, ti ẹ̀yìn yóò máa ti èyí tó gbóná jáde. Mo kọ́kọ́ kọjú ti ẹ̀yìn sódì. Ìgbà tí mo na bébà wẹ́wẹ́ sí i, tó fà á mọ́ra, ni mo tó mọ̀. Mo yí i padà, mo so wáyà pupa mọ́ pupa, dúdú mọ́ dúdú, mo fi lẹ́ẹ̀dì jó wọn pọ̀.

Ṣùgbọ́n ariwo wọn pọ̀ bíi ti ẹ̀rọ ìlọta, ẹ̀gbẹ́ yàrá tí Bàbá ti ń sun oorun ọ̀sán ni kọ̀ǹpútà náà sì wà. Mo wá ra rẹ́gúlétọ̀ kékeré lọ́wọ́ alátùnṣe rédíò kan, mo dè é mọ́ iwájú àpótí, bí èyí tó wà lára ògiri pálọ̀ gẹ́lẹ́. Mo pe Bàbá.

"Bàbá, bí ariwo ẹ̀ bá ń dà yín láàmú, ẹ yí i wá sápá òsì báyìí."

Wọ́n yí i wò. Ariwo rọlẹ̀. "O ṣeun, ọmọ mi. O rò ó dáadáa."

Orí mi wú. Kò sọ sí mi lọ́kàn pé rẹ́gúlétọ̀ náà lè yí débi tí fáànù máa kú pátápátá.

Ọ̀gá tó ń bójú tó ìwádìí mi fẹ́ rin ìrìn àjò ọdún kan lọ́jọ́ Ajé. Ó gbọ́dọ̀ rí èsì mi kó tó lọ. Lọ́jọ́ Ẹtì, mo ní kí kọ̀ǹpútà máa ṣe ìṣirò lọ, mo sì lọ ra bébà ní Dùgbẹ̀. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ni mo fi tẹ iye òjò wọ̀nyẹn sínú rẹ̀, mi ò sì ṣe ẹ̀dà kankan.

Nígbà tí mo dé, òórùn iná ló pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà. Ojú kọ̀ǹpútà ti ṣú. Rẹ́gúlétọ̀ wà lápá òsì pátápátá. Bàbá ń ka ìwé ìròyìn ní fàráǹdà.

"Bàbá, ta ló pa fáànù kọ̀ǹpútà?"

"Èmi ni. Kò séèyàn ní yàrá. Ta ló ń fẹ́?"

"Kọ̀ǹpútà fúnra ẹ̀ ló ń fẹ́!" Mo pariwo débi pé àwọn ará ilé kejì yọjú. "Ẹ ti pa á! Ẹ ti bayé mi jẹ́!"

Wọ́n ká ìwé ìròyìn náà jẹ́jẹ́. "Ìwọ lo kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń yí i."

Ọ̀rọ̀ yẹn ló bí mi nínú jù, torí òótọ́ ni. Ìyá mi ní kí n lọ kúnlẹ̀, pé bàbá ẹni kì í ṣe ẹgbẹ́ ẹni. Mo kọ̀. Ọ̀gá mi rìnrìn àjò rẹ̀. Alátùnṣe kan tún ẹ̀rọ náà ṣe, ṣùgbọ́n gbogbo iye òjò ti pa rẹ́; mo tún bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ wọ́n láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo fi ìbínú já rẹ́gúlétọ̀ kúrò, mo so fáànù méjèèjì mọ́ iná tààrà, kí ẹnikẹ́ni má lè yí i mọ́. Ariwo rẹ̀ gba gbogbo ilé.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí mo fi í sílẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́, mo bá ilẹ̀kùn yàrá náà ní ṣíṣí. Mo sáré wọlé, ìjà ti wà lẹ́nu mi. Bàbá gbé àga síwájú kọ̀ǹpútà, wọ́n jókòó, wọ́n ki òwú bọ etí méjèèjì.

"Bàbá, ṣé àkókò oorun yín kọ́ nìyí?"

Wọ́n yọ òwú kan. "Kó má baà máa fẹ́ yàrá òfìfo ni," wọ́n ní. Wọ́n dá òwú náà padà sétí.

Títí mo fi parí ìṣirò náà, wọn ò sun oorun ọ̀sán mọ́. Mi ò sì tíì bẹ̀ wọ́n.