Wọ́n Ní Wárápá Ni

Nígbà tí mo ṣì wà lọ́mọdé, Ìgàndó kò rí bí ẹ ṣe ń wò ó yìí. Oko ẹ̀gẹ́ ló pọ̀ jù níbẹ̀, ilé ò sì tó nǹkan. Àwa ọmọdé pọ̀ nínú agbo ilé wa, ṣùgbọ́n èmi nìkan ni mo máa ń dá ṣeré, nítorí wọ́n ní mo ní wárápá.

Ẹ jẹ́ n sọ bó ṣe máa ń ṣe mí. Pajápajá á kọ́kọ́ mú mi lẹ́nu, ìka ọwọ́ mi á wá ká jọ bíi tẹni tó fẹ́ bu ẹ̀bà. Lẹ́yìn náà, gbogbo ara mi á le gbagidi, màá ṣubú, màá sì máa gbọ̀n. Ṣùgbọ́n etí mi ò di o! Mò ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń kígbe pé, "Ẹ sún! Ẹ má jẹ́ kí itọ́ ẹ̀ kàn yín!" Mò ń gbọ́ ẹsẹ̀ àwọn ẹgbẹ́ mi bí wọ́n ṣe ń sá lọ. Ìyá mi nìkan ló máa ń dúró tì mí, á fi ṣíbí há mi léyín, á máa sunkún. Tó bá ti lọ sílẹ̀, màá ní, "Màámi, mo gbọ́ gbogbo ohun tí wọ́n sọ." Á ní, "Dákẹ́, ọmọ mi. Ẹni tí wárápá bá gbé kì í gbọ́ nǹkan kan."

Màmá àgbà kan tó ń ta àgbo ládùúgbò wa ló wá kó bá mi pátápátá. Ó ní òòrùn ló ń ru àìsàn náà sókè. Ni wọ́n bá fi mí sínú yàrá. Àwọn yòókù á máa ṣe tẹ́n-tẹ́n níta, èmi á máa gba ihò ilẹ̀kùn wò wọ́n. Bí mo ṣe ń pẹ́ sí i nínú yàrá ni nǹkan ọ̀hún túbọ̀ ń gbé mi. Síbẹ̀, ìyá mi ń dúpẹ́ lọ́wọ́ màmá yẹn, ó ní tí kì í bá ṣe tirẹ̀, ì bá ti burú jù báyìí lọ. Ayé!

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe dàgbà. Ẹnì kan wá fẹ́ fẹ́ mi, àwọn ẹbí rẹ̀ ṣèwádìí, a ò tún rí i mọ́. Mi ò bú wọn jàre. Ta ló fẹ́ gbé wárápá wọlé? Èmi àti ìyá mi la jọ ń gbé títí ó fi kú, ó sì gbà títí dọjọ́ ikú rẹ̀ pé òun lòun fa àìsàn náà.

Lẹ́nu àìpẹ́ yìí, ó tún gbé mi, àwọn ayálégbé bíi tèmi sì gbé mi lọ sílé ìwòsàn. Dókítà tó dá mi lóhùn, ọmọdébìnrin lásán ni lójú mi. Ó di aṣọ tí wọ́n fi ń wo ẹ̀jẹ̀ ríru mọ́ mi lápá, ó fẹ́ ẹ, kò sì tètè tú u. Ni ìka mi bá ká jọ níwájú rẹ̀. Kò sún sẹ́yìn. Ó di ọwọ́ náà mú, ó ní, "Mọ́mì, tó bá ń ṣe yín báyìí, ṣé ẹ máa ń gbọ́ ohun táwọn èèyàn ń sọ?"

Ẹ̀yin ọmọ mi, mo sunkún. Látọjọ́ tí wọ́n ti bí mi, kò sẹ́ni tó bi mí rí.

Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò. Ó ní kì í ṣe wárápá, pé kálísíọ́mù, èyí tó ń mú egungun le, tó sì ń jẹ́ kí iṣan ara balẹ̀, ni kò tó nínú ẹ̀jẹ̀ mi. Ó fún mi lóògùn. Ó tún ní òòrùn máa ń ran ara lọ́wọ́ láti lo kálísíọ́mù tí a bá jẹ, kí n máa jókòó sóòrùn àárọ̀ díẹ̀díẹ̀. Òòrùn tí wọ́n fi mí pamọ́ fún! Mo ní, "Ẹ ṣé, dókítà."

Ayé ti yàtọ̀ ṣá. Lónìí, tí gìrì bá mú ọmọ yín, ẹ lè ní kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò kí ẹ tó fún àìsàn náà lórúkọ. Ìgàndó náà ti kún, ilé ti fara kan ilé, àwa tí a sì jọ ń gbé ò mọ orúkọ ara wa. Oògùn náà ń bá mi ṣe, kò gbé mi mọ́. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí mo ti ilé ìwòsàn dé, bí mo ṣe ṣílẹ̀kùn báyìí, mo pariwo, "Màámi, kì í ṣe wárápá o!"

Kò sẹ́ni tó dá mi lóhùn.